Ibojì Tó Wà ní Ìgúnpá

Mo rántí ìgbà tí òórùn búrẹ́dì àti òórùn ọ̀dà ìkunlé jọ ń jà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, tí èmi tí mo ń gbé ibẹ̀ kò sì mọ èyí tó wà lára aṣọ mi mọ́. Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ̀dà ní Àgídìngbì, ó sì parí sí ẹ̀bá ojú irin ní Agége, níbi tí àwọn oníbúrẹ́dì pọ̀ sí. Kò gùn, kò sì fẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n sì kọjá lára wọn bí àwọn awakọ̀ méjèèjì bá ti jẹun yó. Bí ebi bá ń pa ọ̀kan nínú wọn, ìjà dé nìyẹn. Àwọn ará Opebi tí wọ́n ní báǹkì àti ilé oúnjẹ tó ń dán kò mọ̀ pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà láyé. Àwọn ará Agége ń pè é ní Ọ̀nà Àgídìngbì, àwọn ará Àgídìngbì ń pè é ní Ọ̀nà Agége, nítorí náà bí kòtò bá dé sí i, ìlú kọ̀ọ̀kan á ní ọ̀nà ti ìkejì ni, kí wọ́n lọ dí i.

Ní agbede méjì ọ̀nà náà ni ibì kan wà tí ó ti ṣẹ́ lójijì sí ọwọ́ òsì, bí ẹni tó rí àna rẹ̀ lókèèrè tí kò fẹ́ kí àwọn pàdé, tí á wá yí po kí ó tó padà sí ibi tó ń lọ. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí odò, kò sí àpáta. Ibẹ̀ là ń pè ní Ìgúnpá. Gbogbo àwọn tó ń gbé ojú ọ̀nà náà ló mọ ìdí tí ó fi ṣẹ́, kò sì sí ẹni tí tirẹ̀ bá ti ẹlòmíràn mu. Àwọn Aládùúrà ní wòlíì kan ló gbàdúrà níbẹ̀ tí katakata ìjọba fi kú, tí wọ́n fi ní láti gba ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mùsùlùmí ní irọ́ ni, àlùjànnú ló jókòó síbẹ̀, àfáà kan sì ti bá a sọ̀rọ̀ rí. Bàbá Onílẹ̀, àgbà Àwórì tí bàbá wọn ta ilẹ̀ fún ìdajì àwọn ará ọ̀nà náà, tí ó sì tún ilẹ̀ kan náà tà fún ìdajì tó kù, ní olorì kan ló rọbí síbẹ̀ nígbà tó ń ti ọjà bọ̀. Mo bi wọ́n pé olorì ìlú wo. Wọ́n ní ìbéèrè àwọn ọmọ ayé òde òní ti pọ̀ jù.

Inú Ìgúnpá yẹn gan-an ni ilé wa wà. Màmá mi ń ṣe búrẹ́dì nínú ààrò amọ̀ ńlá kan tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara wọn mọ. Bàbá yìí, tí èmi ń pè ní Bàbá Àgbà, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe lébírà nígbà ọ̀dọ́ wọn, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà náà. Wọ́n fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n mọ ààrò. Nígbà tí eruku ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn nímú, wọ́n fa ààrò lé màmá mi lọ́wọ́, wọ́n padà sílé lọ máa gbin iṣu, wọn kò sì fẹsẹ̀ tẹ Èkó mọ́ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Wọ́n ní ariwo Èkó kì í jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí àwọn ń rò. Àwa là ń lọ kí wọn ní gbogbo Iléyá, a ó sì bá wọn nínú oko, tí wọ́n ń kọ ebè tí ara wọn le ju tèmi lọ.

Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì nígbà náà. Mo ní ìwé ẹ̀rí, mo ní ẹnu, iṣẹ́ nìkan ni n kò ní. Ẹgbẹ́ onílé ojú ọ̀nà náà wá fi mí ṣe akọ̀wé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní ilé kankan, torí pé èmi nìkan ni mo lè tẹ kọ̀ǹpútà láìwo ọwọ́ mi. Mo gbà pé kò sí ìṣòro láyé tí lẹ́tà kò lè yanjú. Mo máa ń fi "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá" parí lẹ́tà tí mo kọ sí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ náà fi jáwọ́.

Ní ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù dé pẹ̀lú tépù ìwọnlẹ̀ àti agolo ọ̀dà pupa. Ọ̀dọ́kùnrin tínínrín kan ló ṣáájú wọn, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn kó tó sọ ohun burúkú fún un. Ó ní ìjọba fẹ́ sọ ọ̀nà wa di títì ọlọ́dà. A pàtẹ́wọ́. Ó ní wọn yóò gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. A tún pàtẹ́wọ́. Ó wá ní títì kì í ṣẹ́, pé tààrà ni wọn yóò fà á láti orí dé ìdí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀dà pupa kọ àmì ìwólé sára ààrò màmá mi. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ ìyẹn.

Màmá mi kò pariwo. Wọ́n kàn wo àmì náà, wọ́n padà sídìí ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò, búrẹ́dì ọjọ́ náà sì níyọ̀ débi pé àwọn oníbàárà dá a padà. Ààrò amọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá wó o, ó parí. Ààrò yẹn ló rán mi lọ sí pólì. Òun ló ń bọ́ àwọn obìnrin mẹ́fà tí ń ru búrẹ́dì wa lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn ilé iṣẹ́ ní Àgídìngbì. Màmá mi kò ní ọkọ mọ́, wọn kò ní ilẹ̀ mìíràn, wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rù bà mí fún wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí ó ti bà mí rí lọ.

Alága ẹgbẹ́ onílé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, bi ọmọ kánsù náà bóyá ọ̀nà àbáyọ kan wà. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ilé ìsìn àti ibojì nìkan ni ọ̀gá wa kì í fẹ́ kí á fọwọ́ kàn. Wàhálà ẹbí òkú ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá ní ìtàn kankan nípa ọ̀nà yìí, ẹ kọ ọ́ wá kí oṣù tó parí."

Alága yíjú sí mi. "Akọ̀wé, o gbọ́ àbí? Lọ kọ ìtàn. Jẹ́ kó wúwo o."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kó wòlíì, àlùjànnú àti olorì tó ń rọbí jọ, n kò sì rí èyí tí mo lè fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kánsù láìtijú. Mo gbójú sókè, mo rí àmì pupa náà lójú fèrèsé. Bí ọwọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nìyẹn. Mo kọ ọ́ pé lébírà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó fi àdá àti ọkọ́ la ọ̀nà náà, pé ó fi ibẹ̀ ṣe ilé, ó dàgbà, ó darúgbó, ó kú, wọ́n sì sin ín síwájú ààrò rẹ̀ ní Ìgúnpá. Mo wá kọ orúkọ Bàbá Àgbà ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Àgbà ni à ń sin sílé nílẹ̀ wa, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò bi wá pé kí ni ibojì ń wá nínú ọgbà. Ohun tí mo gbàgbé ni pé kí a tó sin àgbà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kú ná.

N kò lè sọ pé n kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Mo mọ̀. Mo kàn sọ fún ara mi pé inú lẹ́tà ni, pé Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà, pé Bàbá Àgbà kì í gbé fóònù. Ọgbọ́n tó kún orí mi lọ́jọ́ yẹn, bí mo bá ta á, n kò ní rí owó ẹ̀kọ kan níbẹ̀.

Mo mú lẹ́tà lọ bá Alága. Mo ti múra bí mo ṣe máa ṣàlàyé irọ́ náà fún wọn, kí wọ́n lè bá mi gbè é. Wọ́n kà á dé ìdajì, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí aṣọ nù ún.

"Mo rántí ọjọ́ náà," ni wọ́n wí. "Òjò rọ̀."

Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Mo wo ojú wọn dáadáa, omijé wà níbẹ̀. Mo gba ìbuwọ́lùwé, mo sì mú lẹ́tà náà lọ sí kánsù kí wọ́n tó rántí ohun mìíràn.

Lẹ́tà ti wà, ibojì ló kù. Bíríkìlà kan bá mi mọ pèpéle símẹ́ǹtì síwájú ààrò ní ọjọ́ tí màmá mi lọ ra ìyẹ̀fun. Ó tuntun jù, nítorí náà mo gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, mo dà á sí i, mo fi eérú ààrò ra á, mo fi ìgbálẹ̀ gbo ó títí ó fi dà bí ohun tí òjò ọdún púpọ̀ ti pa. Mo ṣì ń gbo ó lọ́wọ́ nígbà tí màmá mi wọlé.

"Kí lèyí?"

"Ibojì ni, mà."

"Ibojì ta ni?"

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Màmá mi káwọ́ lérí. "O pa bàbá mi? Ìwọ ọmọ yìí, bàbá mi tó ń kọ ebè ní Ògbómọ̀ṣọ́, o pa wọ́n?"

"Inú lẹ́tà nìkan ni, mà."

"Inú lẹ́tà! Ṣé inú lẹ́tà lo mọ símẹ́ǹtì sí?"

Wọ́n fi mí bú, wọ́n fi bàbá mi tó ti kú bú, wọ́n fi àwọn olùkọ́ mi ní pólì bú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n lọ gba lẹ́tà náà padà. Mo ní ó ti dé kánsù. Wọ́n wo àmì pupa tó wà lára ààrò, wọ́n wo pèpéle, wọ́n tún wo ààrò. Wọ́n ní kí Ọlọ́run foríjì wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa etí pèpéle náà.

"Apá ibí yìí ò dọ́gba," ni wọ́n sọ. "Ta ló mọ ọ́n? Ṣé ohun tí wọ́n á mọ fún bàbá mi nìyí? Lọ pè é padà wá."

Ọmọ kánsù padà wá wò ó. Ó yí ibojì náà po, ó bi àwọn àgbà bóyá ẹnikẹ́ni mọ òkú. Bàbá Onílẹ̀ sún síwájú. Wọ́n ní àwọn àti òkú jọ jẹun nínú àwo kan náà ni, pé àwọn wà níbi ìsìnkú, màlúù ni wọ́n pa, àmọ́ ẹran náà le díẹ̀. Alága ní òótọ́ ni, òjò sì rọ̀ lójú oorì. Bàbá Onílẹ̀ ní òjò kò rọ̀, àwọn kò gbé agboòrùn. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí òjò ìsìnkú ẹni tó wà nínú oko rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́, tí ọmọ kánsù sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo ojú màmá mi, màmá mi wo ilẹ̀.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé lẹ́tà mi yóò dára jù. Wọ́n ní ọ̀gá àgbà ní kánsù kà á, ó dùn mọ́ ọn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí títì gba Ìgúnpá bí ó ṣe wà. Ó tún ní níwọ̀n bí ọ̀nà náà kò ti ní orúkọ tirẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ akọni lébírà náà pè é. Ẹgbẹ́ onílé yan ọjọ́ Sátidé kan, ní ọ̀sán, láti ri pátákó orúkọ mọ́lẹ̀ kí wọ́n sì gbàdúrà fún òkú. Àwọn Aládùúrà ní àwọn ni wọn yóò kọ́kọ́ gbàdúrà. Àwọn mùsùlùmí ní mùsùlùmí lòkú, kí làwọn Aládùúrà ń wá? Alága ní òkú ti di ti gbogbo ọ̀nà. Nínú gbogbo ariwo yìí, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń gbé Agége gbọ́, ó gbé fóònù, ó sì fi kí ẹbí wa nílé kú ọ̀fọ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. A to àga yí ibojì ká, a fi aṣọ funfun bo pátákó, ọmọ kánsù wà níbẹ̀ pẹ̀lú fáìlì rẹ̀. Alága wọ sùtánà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ti gbàdúrà débi pé kí Ọlọ́run gba ọkàn arákùnrin wa, nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iṣu méjì tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Bàbá Àgbà ni.

Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé kíkí ọ̀fọ̀ yẹn ló gbé àwọn wá, àti pé láti ibùdókọ̀ ní Agége ni awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ti ń sọ fún àwọn pé àdúrà òkú ń lọ ní Ìgúnpá. Àwọn bi í pé ta ló kú, ó sì dárúkọ àwọn fún àwọn. Wọ́n bi í pé irú ènìyàn wo ni. Awakọ̀ náà ní ènìyàn dáadáa ni, òun mọ̀ ọ́n dunjú.

Bàbá Àgbà gba àárín àwọn àga kọjá, wọ́n sì dúró níwájú pèpéle. Àtẹ búrẹ́dì já bọ́ lọ́wọ́ màmá mi. Alága la ojú láti inú àdúrà, wọ́n wo arúgbó náà, wọn kò mọ̀ ọ́n. Bàbá Onílẹ̀ tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan náà sún àga fún àlejò. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré lẹ́nu bàbá yìí, ààrò màmá mi di erùpẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀," ni ọmọ kánsù wí. "Ṣé ẹbí òkú ni yín?"

Bàbá Àgbà wo símẹ́ǹtì náà. Wọ́n wo àmì pupa tó wà lára ààrò tí wọ́n mọ. Wọ́n wo màmá mi. Wọ́n wo èmi náà, n kò sì lè gbé ojú mi sókè.

"Èmi àti òkú, inú kan náà la ti jáde," ni wọ́n wí. "Àbúrò ẹ̀ ni mí."

Mo gbọ́ tí màmá mi mí sókè lẹ́yìn mi. Àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń kí àbúrò òkú. Ọmọ kánsù ní nígbà tí ẹbí ti dé, kí bàbá bá wa sọ díẹ̀ nínú ìtàn ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá Àgbà gbé iṣu sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ibojì ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi rẹwà," ni wọ́n fi ṣíde. "Ẹ má rí mi báyìí o. Ó rẹwà jù mí lọ." Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà náà, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ti kan èèkàn mọ́lẹ̀ ní tààrà láti Àgídìngbì dé Agége. Ìlà náà gba ìdí igi máńgòrò kan kọjá, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ fún àwọn lébírà. Ọmọbìnrin náà ní òun kò ní dìde, kí wọ́n la ọ̀nà wọn gba orí òun kọjá. "Òyìnbó yẹn kì í ṣeré pẹ̀lú oorun ọ̀sán. Ọjọ́ tó sùn, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó ń fa èèkàn tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún un kàn yí igi máńgòrò po. Nígbà tí òyìnbó jí, àwa lébírà ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ jìnnà. Ó wo ìlà, ó wo ìwé, ó ní ó jọ pé oòrùn mú òun lórí. Bí ọ̀nà yìí ṣe ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ ọmọ náà."

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Onílẹ̀ na ọwọ́ sókè. "Ẹ ò rí i? Ṣebí mo sọ fún yín pé obìnrin ni?"

Wọ́n ṣí aṣọ lójú pátákó. Àfáà gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi àljánnà kẹ́ òkú, kí ó fẹ ibojì rẹ̀ lójú. Kò sí ẹni tí àmín rẹ̀ ròkè tó ti Bàbá Àgbà.

Nígbà tí èrò lọ tán, wọ́n wọlé, wọ́n jẹ odindi búrẹ́dì kan kí wọ́n tó wò mí. Èmi àti màmá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bù ú.

"Àìsàn wo ló pa mí?" ni wọ́n bi mí.

"Mi ò kọ àìsàn kankan, sà."

"O ò kọ ọ́. O pa mí, o ò tiẹ̀ fi àìsàn sí i. Pólì tó o lọ nìyẹn?"

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Bàbá Àgbà gbé ọwọ́ lé wọn léjìká. Ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní àwọn ni àwọn mọ ààrò náà, àwọn kò lè fi ẹnu ara àwọn wó o mọ́ ọmọ àwọn lórí. "Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ o. Láti òní lọ, mi ò sí lójú ọ̀nà yìí mọ́. Mi ò lè wá síbí kí n jókòó síwájú ààrò mi, kí n ní èmi ni mo mọ ọ́n. Ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn." Ó dùn mí gan-an. Mo wá bi wọ́n bóyá òótọ́ ni ìtàn èèkàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní ìyá màmá mi ló ni ìdí igi máńgòrò náà. "Àbí ìwọ nìkan lo rò pé o lè purọ́ nítorí ilé?"

Wọ́n lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò sì wá mọ́. Títì ọlọ́dà dé, ó sì ṣẹ́ ní Ìgúnpá bó ṣe ń ṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn awakọ̀ tí kò mọ ibẹ̀ a máa ṣépè fún ẹni tó fà á. Ààrò wa ń jó, búrẹ́dì ń tà, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Opebi, mo sì máa ń sọ ìtàn náà fún ara mi nínú kẹ̀kẹ́, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé mo gbọ́n.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Àgbà kú ní tòótọ́, lórí ibùsùn wọn, ní ìdájí. Wọ́n ti sin wọ́n kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí àṣà mùsùlùmí. Màmá mi dúró títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Èrò rọ́ wá kí wọn, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn èèyàn náà ni wọn kò mọ̀ rí. Àwọn tí wọ́n mọ̀, àwọn tí wọ́n ti bá kí ọ̀fọ̀, bá kí ìkómọ, tí wọ́n ti fún ní búrẹ́dì gbígbóná fún ọgbọ̀n ọdún, ojú ọ̀nà wa ni wọ́n wà.

A padà sí Ìgúnpá. Àwọn èèyàn ti gbọ́ pé àbúrò bàbá Ìyá Oníbúrẹ́dì kú. Wọ́n ń kí wọn láti orí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o!" Kẹ̀kẹ́ a sì kọjá. Obìnrin kan ra búrẹ́dì, ó kí wọn kú ọ̀fọ̀ nígbà tó ń gba ṣéńjì. Alága nìkan ló wá jókòó. Inú rere ni wọ́n fi wá, n kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá," ni wọ́n sọ. "Ọlọ́run ti bá yín ṣe é. Bàbá yín gan-an, ẹ ti sin wọ́n tipẹ́. Èyí tí ì bá dùn yín ti kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni màmá mi dáhùn. "Ẹ ṣé o, sà."

Màmá mi sunkún àbúrò bàbá lójú wọn, ìwọ̀nba tí ó yẹ kí ènìyàn sun fún àbúrò bàbá. Nígbà tí Alága lọ, wọ́n wọ yàrá tí a ń kó ìyẹ̀fun sí, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ wọn láti ìta. Wọ́n fi aṣọ di ẹnu, kí ẹni tó ń ra búrẹ́dì má baà béèrè pé ta ló tún kú. N kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀rín tí mo ti ń rín nínú kẹ̀kẹ́ fún gbogbo ọdún yẹn wá di ìtìjú lójú mi.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo tì í padà. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ẹ kú ìrọ́jú bàbá yín. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀yìn wọn á dára."

Màmá mi gbé ojú sókè, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Tún un sọ," ni wọ́n wí.

Mo tún un sọ. Títí di òní, bí àyájọ́ ọjọ́ náà bá pé, mo máa ń gba ààyè níbi iṣẹ́, mo máa ń lọ sí Ìgúnpá, màá wọ yàrá ìyẹ̀fun, màá sì kí màmá mi fún bàbá wọn. Àwọn èèyàn tó wà lójú ọ̀nà náà ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, orúkọ Bàbá Àgbà sì wà lẹ́nu gbogbo wọn láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n fi ń pe awakọ̀, wọ́n fi ń júwe ilé. Èmi nìkan ṣoṣo ni màmá mi ní tó lè kí wọn.